Bíìtì Tẹ́ẹ́rẹ́ àti Ọwọ́ Tí Ń Mì

Nígbà tí bíìtì tẹ́ẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ mọ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́, ọjà ni í kọ́kọ́ bú. Yóò ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, yóò sì lọ ra òmíràn tí ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí èyí náà bá tún ṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò ní í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọwọ́ òun ni ẹ̀bi wà. Òótọ́ ni pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ ń ṣẹ́ pọ̀ ju èyí tí ọjà ń ṣẹ́ lọ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe páńẹ́lì, èyíinì ni pátákó pẹlẹbẹ inú rédíò tàbí kọ̀ǹpútà tí a ń to àwọn èèlò oníná lé lórí. Ihò tí ẹsẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn èèlò wọ̀nyí ń gbà wọlé kò ju mìlímítà 0.8 sí 1 lọ. Pátákó náà fúnra rẹ̀ sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 1.6 péré, nítorí náà ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igi. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, tí a ń pè ní FR-4, aṣọ tí a fi òwú dígí hun ni, tí a fi àtè líle tí ń jẹ́ epoxy pò pọ̀, tí a sì fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú. Dígí a sì máa jẹ ẹnu irin bí iyanrìn ti ń jẹ ìsàlẹ̀ bàtà.

Oríṣi bíìtì méjì ni àwọn ènìyàn ń lò sí i. Èkíní ni ti irin líle tí a ń kọ HSS sí lára. Ó lè tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n dígí tètè ń mú un kújú. Èkejì ni ti kábáìdì. (Kì í ṣe kábáìdì tí àwọn ajórin ń da omi sí kí ó lè tú gáàsì jáde, orúkọ nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀.) Tungsten àti carbon ni kábáìdì yìí, tí a fi cobalt so pọ̀. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí dígí kò lè tètè mú un kújú, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń tẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ wọlé tààrà, yóò gbà á mọ́ra. Bí a bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ó tilẹ̀ ṣe díẹ̀, ó parí. Ibi tí àdánù ti ń wọlé nìyí: ènìyàn gbọ́ pé kábáìdì ni ó dára jù, ó rà á, ó fi í sẹ́nu dírìlì tí a fi ń lu ògiri, ó gbé e lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sì sí ọwọ́ ènìyàn tí kì í mì.

Ẹnìkan lè wí pé àwọn tí ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ làńtànà ní Ìlọrin láyé àtijọ́ fi ọwọ́ dá òkúta pupa lu. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ni tiwọn, kì í sì í ṣe iná mànàmáná ni ó ń yí irin wọn.

Nítorí náà, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ra ìdúró dírìlì kí ó tó ra kábáìdì. Òpó irin ni ìdúró yìí, tí a ń de dírìlì mọ́, tí ó fi jẹ́ pé òkè àti ilẹ̀ nìkan ni ó lè lọ. Bí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká a, kí ó máa lo HSS, kí ó sì gbà pé òun yóò máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkúùgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ra bíìtì kábáìdì méjìlá fún àwọn ọmọ rẹ̀ láìra ìdúró kan ṣoṣo, owó ni ó fi ṣòfò. Kí a sì tún yẹ ẹnu dírìlì wò. Kí a tan án kí bíìtì tó kan nǹkan: bí bíìtì náà bá dà bí ẹni pé ó sanra ju bí ó ti rí nígbà tí ó dúró jẹ́ẹ́ lọ, ó ń fì ni, kò sì ní í pẹ́ ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ eré yíyí ń rú ọ̀pọ̀ lójú. Wọ́n rò pé ohun kékeré ni a ń yí jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Bíìtì tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 10, tí ó yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ti rin nǹkan bí mítà 94. Ti mìlímítà 1 yóò rin mítà 9 àti díẹ̀ péré. Bí eré kò bá tó, ọwọ́ yóò máa ti bíìtì wọlé dípò kí ó jẹ́ kí ó gé, títì yìí ni ó sì ń tẹ̀ ẹ́ ṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ wọn a tún máa fi awẹ́ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé páńẹ́lì lórí kí bíìtì má baà yọ̀, wọn a sì tẹ́ pátákó mìíràn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe é nílé lè tẹ́ pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ bákan náà. Nígbà tí ó bá ń ya àwòrán ojú bàbà, kí ó fi ojú kékeré kan sílẹ̀ láàárín ibi tí ihò yóò wà, kí ṣóńṣó bíìtì lè rí ibi jókòó sí.

Púpọ̀ nínú bíìtì tí ó ṣẹ́ ni ó jẹ́ pé wọ́n ti lu ihò tán kí wọ́n tó ṣẹ́. Bí a ti ń fa bíìtì jáde, páńẹ́lì a bá a gòkè, a sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí a di páńẹ́lì mú mọ́lẹ̀ títí bíìtì yóò fi jáde pátápátá, kí a tó sún un lọ sí ihò mìíràn.

Ó ku erùpẹ̀ funfun tí ń jáde. Dígí ni, kò yẹ kí a fẹ́ ẹ lẹ́nu tàbí kí a fà á símú, ìbòmú sì ni ó tọ́ sí i. Àti awò ojú pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ń lu ihò kékeré a máa tẹ orí ba súnmọ́ iṣẹ́ kí ó lè ríran, kábáìdì tí ó bá sì ṣẹ́ lórí eré bẹ́ẹ̀ kì í jábọ́ sílẹ̀, fífò ni ó ń fò.