Ta Ni Yóò Palẹ̀ Ẹrẹ̀ Mọ́ n'Íre-Àkárí?

Ká ní onílé kan n'Íre-Àkárí, n'Ísọlọ̀, kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà ẹ̀ jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ta ni yóò gbé e lọ? PSP á ní ìdọ̀tí ilé làwọn ń gbowó ẹ̀. Onílé á ní òun ti ṣe tòun. Kí wọ́n tó parí ẹjọ́, òjò á rọ̀, ẹrẹ̀ á tún padà sílé.

Òfin Nàìjíríà ti 1999 ò kúkú fi bò: ìjọba ìbílẹ̀ ló ni gọ́tà, títì àdúgbò àti ìdọ̀tí. Àmọ́ l'Ékòó, LAWMA tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ló ń darí PSP. Ẹ sì rántí ohun tójú rí nígbà tí ìjọba Ambode gbé ìdọ̀tí ilé fún Visionscape ní 2017, tí wọ́n ní kí PSP gbájú mọ́ ti ilé-iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 2018, òkìtì ìdọ̀tí ti gba ojú títì. PSP náà ni wọ́n tún padà ké sí.

Nítorí náà, ìwé àdéhùn tí káńsù bá máa bá ẹgbẹ́ onílé tàbí agbaṣẹ́ṣe ṣe, kó má kàn kọ "ìmọ́tótó" síbẹ̀. Kó dárúkọ ẹrẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò kó o, ẹni tó máa sanwó, àtẹni tí wọ́n máa fẹjọ́ sùn.

Káńsù wo gan-an ni yóò buwọ́ lù ú? Oṣòdì-Ìsọlọ̀ lòfin Nàìjíríà mọ̀. LCDA Ìsọlọ̀, ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 2003. Ẹ̀yin onílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìyẹn ná.