Kí Ni Ó Wà Lábẹ́ Ẹní?

Nínú àlọ́, Àjàpá kò fi okùn fa Erin wọ̀lú. Ìlérí oyè ni ó fi mú un jókòó lórí ẹní tí a tẹ́ bo kòtò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fi ọmọ ṣòwò ṣe ń fi ìlérí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tanni. Òfin Nàìjíríà ti kà á léèwọ̀ láti ọdún 2003, ṣùgbọ́n ọmọdé wo ni yóò fura sí ẹni tí ó ń pè ní àǹtí? Àjàpá ni yóò tètè fura sí. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ láti fi àlọ́ yìí ṣe fíìmù kúkúrú fún àjọ̀dún yìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wọn wò ó, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ẹní.