Àpótí Ni Kí A Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ó yẹ kí a yin àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ọwọ́ ara wọn kan àpótí sípíkà ní Abúlé Ẹ̀gbá. Síbẹ̀, bí subwoofer wọn kò bá dún dáadáa, amplifier tí ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ ni wọ́n sábà máa ń wá kiri. Èmi kò gbà pé agbára ni ó kù. Bí awọ ìyá ìlù bá ya, ta ni yóò lọ wá onílù tí apá rẹ̀ le? Bí àlàfo bá wà níbi tí pákó ti pàdé (n kò sọ ti ihò tí a dìídì lu), afẹ́fẹ́ yóò máa fọn jáde, ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì ṣófo. Ẹ dí i ná.

Lẹ́yìn èyí ni bọ́ọ̀dù DSP, tí ń sọ ìró di òǹkà, yóò tó wúlò. Kí subwoofer gba ìró tí kò gbọ̀n ju ìgbà 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí àwọn sípíkà kéékèèké gba ìyókù. Ẹ rántí aládùúgbò pẹ̀lú. Ìgbì ìró tí ń gbọ̀n ní ìgbà 50 gùn tó mítà 7. Ògiri yàrá kò tó o dá dúró. Bọ́ọ̀dù kan náà tí ẹ fi gbé e sókè lọ́sàn-án lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lóru.