Jagunjagun Nígbà Tí Idà Bá Wà Nínú Àkọ̀

Nínú eré orí tábìlì tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní jeu de rôle, ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ní í sábà jókòó yí tábìlì ká. Oníkálukú gba ẹ̀dá-ìtàn kan, ó ń sọ ohun tí ẹ̀dá náà ń ṣe. Olùdarí eré ń sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Dáìsì sì ni adájọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú. Bí ìjà bá dé, jagunjagun lọba. Àmọ́ tí ìjà bá parí, tí wọ́n wọ ìlú, tí wọ́n ń kí ọba, tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n ń wádìí ẹni tó jí ọmọ gbé, ẹni tó gba jagunjagun á panu mọ́. Olè inú ìtàn mọ bí a ti ń ṣí ìlẹ̀kùn, akéwì mọ ọ̀rọ̀ sọ, oṣó ní oògùn lápò. Jagunjagun ń dúró de ìjà mìíràn ni. Ẹ̀bi òṣèré kọ́. Inú ìwé òfin eré náà ni àìtọ́ ọ̀hún wà, kò sì rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, irú ẹ̀dá mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: jagunjagun, oṣó àti àlùfáà. Jagunjagun tó bá dé ipele kẹsàn-án di ìjòyè. Ó lè kọ́ odi, kó máa ṣàkóso àwọn tó ń gbé abẹ́ odi náà, kó sì gba owó orí lọ́wọ́ wọn, ẹyọ wúrà 10 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tó kọ ìwé náà mọ ibi tí ọ̀nà ogun ń gbé ènìyàn lọ. Nígbà tó fi máa di ìtẹ̀jáde ọdún 2000, odi àti ará ìlú ti kúrò nínú ẹ̀tọ́ jagunjagun. Ojúàmì ìmọ̀ ló kù, wọ́n sì fún jagunjagun ní 2 ní ipele kọ̀ọ̀kan, olè ní 8. Ní 2014, wọ́n ní kó mú ìmọ̀ méjì nínú mẹ́jọ: bí a ṣe ń dẹ́rù bani wà níbẹ̀, bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yí ènìyàn lọ́kàn padà kò sí. Ìtẹ̀jáde 2024 tún un ṣe díẹ̀, ó jẹ́ kí jagunjagun lè fi okun tó fi ń mí lójú ìjà ti ìmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó dára, àmọ́ ojúàmì ṣì ni. Ohun tí jagunjagun pàdánù ni ipò láàrin àwọn ènìyàn, kò sì sí iye ojúàmì tó lè dí àlàfo yẹn.

Ẹni tó bá ń darí irú eré yìí ní Abidjan kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí ilé odi ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn Atchan, tí ìwé Faransé ń pè ní Ébrié, ló ni ilẹ̀ tí ìlú náà wà, abúlé wọn sì ṣì wà láàrin ilé alájà púpọ̀: Anoumabo, Blockhauss, Anono, Yopougon-Kouté. Ìran mẹ́rin ni wọ́n pín ara wọn sí, Dougbo, Tchagba, Blessoué àti Gnando. Ìran kọ̀ọ̀kan tún pín sí mẹ́rin, láti orí àgbà dé orí àbúrò. Bí ìran kan bá fẹ́ dìde, ọdún àwọn jagunjagun ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní Fokwé. Olórí ogun wọn á jáde ní ìmúra ogun, á jó yí abúlé ká, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin á tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ti pẹ́ tí abúlé kan ti gbé ogun ja abúlé kejì. Síbẹ̀ wọn ò fi ọdún yìí sílẹ̀, nítorí pé ìran tí àkókò rẹ̀ bá tó ló ń gba àkóso abúlé, inú rẹ̀ sì ni olórí abúlé ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìlú ńlá ń gbé mì lójoojúmọ́, ọwọ́ wọn ló ń bọ́ sí. Ijó ogun ni ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ ìlú ló wà nínú ilé.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Abidjan, tí ará ibẹ̀ ń pè ní Anago, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti Èjìgbò wá, kò ṣàì mọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Balógun kì í ṣe orúkọ ọjọ́ ogun nìkan. Ní Ìbàdàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń kó ogun jáde náà ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́. Gbèsè náà sì wà lọ́rùn wọn: Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde, ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún wọn láwìn. Ẹ wo bí ìtàn ti lè dùn tó tí jagunjagun orí tábìlì bá jẹ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lówó, tó sì gbọ́dọ̀ lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó ti ogun dé lọ́wọ́ òfo.

Nínú irú àwọn jagunjagun bẹ́ẹ̀, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ló ṣe kókó jù. Òun ló ṣáájú ogun Èkìtì Parapọ̀ nínú ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ní 1898 ó joyè Ọbańlá ní Iléṣà, ó sì wà nínú oyè náà títí tó fi kú ní 1910. Láàrin méjèèjì ni ìwé àlàáfíà 23 Oṣù Kẹsàn-án 1886 wà. Samuel Johnson àti Charles Phillips, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ló ń rìn láàrin bùdó méjèèjì, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí wọ́n ń gbé e bọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn dùn, wọ́n sì mọ̀wé. Síbẹ̀, àdéhùn kankan kò lè dúró láìjẹ́ pé àwọn olórí ogun gbà, torí àwọn nìkan ni àwọn ọmọ ogun máa gbọ́ tiwọn.

Èyí ló dáhùn àwọn tó ń bẹ̀rù pé bí jagunjagun bá ń sọ̀rọ̀ láàfin, iṣẹ́ akéwì ti bàjẹ́. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Akéwì ń wá ọ̀rọ̀ tí etí máa gbà. Jagunjagun ń fi ara rẹ̀ dúró fún ọ̀rọ̀ náà. Ìlérí tí kò lẹ́ni tó lè mú un ṣẹ kò tó nǹkan, ọba inú ìtàn náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn òṣèré kan ń mú jagunjagun nítorí pé wọ́n fẹ́ sinmi ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Kí a fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí ìwé òfin pa lẹ́nu mọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Olùdarí eré kò nílò òfin tuntun. Kó tó di pé wọ́n ju dáìsì àkọ́kọ́, kó bi ẹni tó gba jagunjagun léèrè: ta ló bọ́ ọ nígbà ogun? Ta lo jẹ lówó? Ọmọ ta ló kú lẹ́yìn rẹ? Abúlé wo ló rántí ojú rẹ, rere ni àbí búburú? Kó kọ ìdáhùn sórí ìwé ẹ̀dá náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbára àti ìlera. Lẹ́yìn náà, kó gbé ìtàn kan kalẹ̀ tí idà kò lè yanjú: ìran kan fẹ́ gbé àkóso abúlé fún ìkejì, ilẹ̀ kan wà tí àgbà ti tà tí àbúrò kò mọ̀ sí, àwọn tó rà á sì ti kó yanrìn dé. Akéwì lè bá wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Jagunjagun tó ṣáájú ìran tó ń bọ̀ nínú ijó ni gbogbo abúlé máa wò lójú láti mọ̀ bóyá kí àwọn jókòó tàbí kí àwọn dìde.