Ta Ló Ń Jẹ Ọgọ́ta Náírà?

Ìyá ẹlẹ́ja tútù ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, kì í fojú bu ẹja. Orí ìwọ̀n ló ń gbé e lé, ìwọ̀n kì í sì í mọ owó tó pé. Ká ní kílò pánlá kan jẹ́ 3,450 náírà, tí èyí tí ẹ mú sì jẹ́ kílò 1.2. Owó rẹ̀ jẹ́ 4,140. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni pé, "Ẹ jẹ́ kó pé 4,200, mà."

Ìṣirò pírámárì kò sọ bẹ́ẹ̀. Tí a bá fẹ́ sún nọ́ńbà sí ọgọ́rùn-ún tó súnmọ́ ọn jù, ipò ẹ̀wá là ń wò: 0 sí 4 ń padà sẹ́yìn, 5 sí 9 ń lọ síwájú. 4,140 gbọ́dọ̀ padà sí 4,100. (Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún tó súnmọ́ ọn jù ni, 4,000 ni yóò jẹ́, àmọ́ ẹ má dán ìyẹn wò lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja.)

Kí ilé ìwé tó dé ni òǹkà wa ti mọ ààlà yìí. Mẹ́rìnlá ṣì ń wo ẹ̀yìn, mẹ́rin lé mẹ́wàá ni. Tó bá ti di márùndínlógún, ogún ló kọjú sí. Mẹ́rìnlélógún, márùndínlọ́gbọ̀n: bákan náà. Lọ́dún 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó ti gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá, ó sì so ó mọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń ka owó ẹyọ nílẹ̀: wọ́n á fà á ní márùn-ún márùn-ún, ọ̀nà ogún á sì di ọgọ́rùn-ún.

Ọjà náà ní ìpadàsẹ́yìn tirẹ̀, ènì ni. Ohun tí owó bá gbà lọ́wọ́ yín bó ṣe ń gòkè, ẹ̀kúnwọ́ gààrí tí wọ́n dà lé kóńgò á dá díẹ̀ padà. Ènì ti ń tán lọ báyìí, owó ṣì ń gòkè.

Mi ò bá ìyá ẹlẹ́ja jà o. Nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn ní January 1, 1973, owó wẹ́wẹ́ ààbọ̀ kọ́bọ̀ wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2007, báńkì àpapọ̀ tún rọ owó onírin 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì. Àwọn ọlọ́jà kò gbà á. Bí owó kékeré ṣe ń kú ni ìṣísẹ̀ tí a fi ń sún owó ń gùn sí i. Ṣéńjì tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ń kọ̀, níbo ni kí ọlọ́jà ti rí i fún un?

Ibi tó ti ń dùn mí ni pé a ń sún un lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra nǹkan mẹ́rin ní ìsọ̀ kan: 260, 170, 240, 130. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 800 gééré. Tí ẹ bá sún ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọgọ́rùn-ún tó súnmọ́ ọn jù, 300, 200, 200 àti 100, 800 náà ni, torí èyí tó gòkè àti èyí tó sọ̀ kalẹ̀ ti fagi lé ara wọn. Ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ bá gòkè, ó di 1,000. Nígbà tí Kánádà dáwọ́ pínpín owó sẹ́ǹtì kan dúró lọ́dún 2013, àpapọ̀ nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n máa sún, sí sẹ́ǹtì márùn-ún tó súnmọ́ ọn jù, ìyẹn fún ẹni tó ń sanwó lọ́wọ́. Ẹni tó fi káàdì sanwó ń san iye náà gan-an.

Èyí gan-an ló yẹ Ọjà Ọba. Fóònù lè fi 4,140 ránṣẹ́ láìṣẹ́ku kọ́bọ̀ kan, síbẹ̀ 4,200 náà ni wọ́n ṣì ń ní kí a tẹ̀, bí ẹni pé fóònù náà kò ní ṣéńjì. Ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja lè fẹnu kò láàárọ̀ ọjọ́ kan pé iye tí ìwọ̀n bá wí ni kí ẹni tó ń fi fóònù sanwó tẹ̀. Kò dúró de Àbújá.