Ìwé Kì í Fi Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Rìn Dé Ilé Ìkàwé

Nígbà tí ìdánwò WAEC àti JAMB bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kì í ṣòro láti rí ọ̀dọ́ nínú ilé ìkàwé ìjọba. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ wo ọwọ́ wọn dáradára: ìwé tí wọ́n gbé wá láti ilé ni púpọ̀ nínú wọn ń kà. Àga, tábìlì àti ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n wá fún. Ohun tí ó wà lórí pẹpẹ kò kàn wọ́n. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Láti ìgbà tí iye náírà ti já wálẹ̀ ní 1986 ni ìwé òkè òkun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní Nàìjíríà.

Ayẹyẹ ìwé kò wọ́n ní tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, àwọn onímọ̀ péjọ sí Àkúrẹ́ láti ṣe ìrántí 50 ọdún tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ti di olóògbé. Ohun ìwúrí ni. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé irú àpèrò bẹ́ẹ̀ ni pé: bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Òǹdó bá fẹ́ ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, níbo ni yóò ti yá a láìná kọ́bọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀. Kò sí wáàsí ọ̀dọ́ tí a kì í ti í rán wọn létí pé àṣẹ láti ké ni ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ fún Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Bí wáàsí bá parí, wọn a pàtẹ àwọn ìwé pélébé sí ẹ̀gbẹ́ ẹní: ìwé lórí ìrun, lórí sàká, lórí ogún pípín, lórí ìtàn àwọn àáfà ìlú. Iye tí wọ́n ń tẹ̀ kì í pọ̀. Bí ó bá di ọdún mẹ́wàá sí i, ẹni tí ó kọ ọ́ gan-an lè má ní ẹyọ kan lọ́wọ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Láti 1950 ni òfin ti ní kí a máa kó ìwé tí a bá tẹ̀ ní Nàìjíríà lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì ní Ìbàdàn. Òfin Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti 1970 ní kí olùtẹ̀wé kó ẹ̀dà mẹ́ta sílẹ̀: méjì fún Ilé Ìkàwé Àpapọ̀, ọ̀kan fún Ìbàdàn. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ń tẹ ìwé ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀? Ní Ìbàdàn kan náà ni a dá ibùdó kan sílẹ̀ ní 1964 fún àwọn ìwé Lárúbáwá. Àwọn tí ó jogún ìwé àfọwọ́kọ a yá wọn, wọn a ya àwòrán rẹ̀, wọn a sì dá a padà fún olówó rẹ̀. Ohun tí àwọn àáfà àtijọ́ fi ọwọ́ kọ rí olùtọ́jú. Èyí tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ lóde òní ni ó ń sọnù.

Àwọn kan yóò ráhùn pé ìwé ẹlẹ́sìn mìíràn ni ó kún ilé ìkàwé. Ìkéde UNESCO lórí ilé ìkàwé gbogbo ènìyàn, ti 1994 tí a tún ṣe ní 2022, fi ààyè gba gbogbo ẹ̀sìn. Ẹni tí ó gbé ìwé tirẹ̀ wá kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìkówèéjáde ní Àkúrẹ́ tàbí ní Òǹdó lè tọrọ ààyè nínú ilé ìkàwé dípò gbọ̀ngàn olówó ńlá, kí wọ́n fi ẹ̀dà méjì lé olùtọ́jú ìwé lọ́wọ́ kí àlejò tó tú ká. Bí aṣòfin kan bá sì wá gba ìjókòó ọlọ́lá níbẹ̀, níwájú pẹpẹ ìwé tí ó ti gbó náà ni kí wọ́n ti bi í léèrè iye tí ó wà fún ìwé tuntun nínú ètò ìṣúná ọdún náà.