Ẹ Má Ka Erékùṣù, Iye Ìgbà Tí Ẹ Máa Sọdá Òkun Ni Kí Ẹ Kà

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ lọ sí Cape Verde ti di awuyewuye níbí yìí. Àwọn àgbà kan ní ìnákúnàá ni. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ti dá àjọ, owó àwọn ni, kí ẹnikẹ́ni má da omi tútù sí àwọn lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tẹnu mi. Mo fara mọ́ ìrìn àjò yìí. Ètò tí wọ́n ṣe fún un ni mi ò fara mọ́.

Kí n kọ́kọ́ dá àwọn àgbà lóhùn. Wọ́n ní kí ni ọmọ Yorùbá fẹ́ fi báàgì kọ́ ẹ̀yìn ṣe lórí òkè olókè, ṣé òyìnbó ni wá ni? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bí wa sí Jos? Àwọn bàbá wa tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀ffà, ní Ìlọrin, ẹrù ni wọ́n gbé rù tí wọ́n fi dé ibi tí wọn ò gbédè wọn. Bí ìrìn bá jẹ́ ti òyìnbó nìkan, àwa ò ní sí níhìn-ín. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn bàbá wa rìn nítorí àtijẹ, àwọn ọmọ yìí fẹ́ rìn kí ojú wọn lè là. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ wa tún ni. Cape Verde wà nínú ECOWAS bíi tiwa. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn ti wà pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Báwo ni a ó ṣe máa sunkún pé páásípọ́ọ̀tù wa kò níyì, tí èyí tó ṣí ilẹ̀kùn fún wa a ò ní lò ó?

Ní báyìí, ó kan ẹ̀yin ọmọ wa. Mo ka ètò tí ẹ gbé síta. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, erékùṣù márùn-ún: Santiago, Fogo, Sal, São Vicente, Santo Antão. Ó dùn-ún kà lójú o. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti dé Praia, olú ìlú wọn, lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọjà, tí mo ti ná ọjà Sucupira títí oòrùn fi wọ̀, mo mọ̀ pé erékùṣù kì í ṣe ibùdókọ̀. Kì í ṣe Bukuru sí Terminus tí èèyàn á bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, tí á wọ òmíràn.

Erékùṣù 10 ni Cape Verde, 9 nínú wọn ni èèyàn ń gbé. Inú òkun ni wọ́n fọ́n ká sí, nǹkan bíi kìlómítà 600 sí Dakar. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ètò yín bí oníṣòwò ṣe ń ṣírò ọjà. Ẹ máa fò láti Praia lọ sí Fogo, ọ̀kan. Ẹ máa padà sí Praia, méjì. Praia sí Sal, mẹ́ta. Sal sí São Vicente, mẹ́rin. Ọkọ̀ ojú omi lọ sí Santo Antão, márùn-ún. Ọkọ̀ ojú omi padà sí São Vicente, mẹ́fà. São Vicente padà sí Praia, méje. Ìgbà méje lẹ máa sọdá òkun láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló máa jẹ ààbọ̀ ọjọ́ lára yín, ká tiẹ̀ ní nǹkan ò yẹ̀ rárá: ẹ di ẹrù, ẹ lọ dúró, ẹ wọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ yọ ọjọ́ tẹ́ ẹ dé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà. Kí ló kù tẹ́ ẹ máa fi rìn? Ẹni tó ń lé eku méjì ń pòfo, ẹ̀yin ń lé márùn-ún.

Nǹkan á sì yẹ̀. Ọyẹ́ tó ń fọ́ wa létè ní Jos láti oṣù kejìlá yìí náà ni atẹ́gùn ń gbé eruku rẹ̀ sọdá òkun dé Cape Verde, tí bàálù ò fi ní rí ọ̀nà fò nígbà mìíràn. Bí ìgbì bá ga, ọkọ̀ ojú omi á dúró. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Bí ẹ bá wá há sí erékùṣù kan lọ́jọ́ tí bàálù Dakar fẹ́ gbéra ní Praia, tíkẹ́ẹ̀tì yín jóná nìyẹn. Èèyàn mẹ́jọ, owó àjọ ọdún kan, ní ìlú tí wọn ò ti gbọ́ Yorùbá tàbí Haúsá, tí Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò pọ̀ lẹ́nu wọn. Potogí àti Kriolu ni wọ́n ń sọ.

Ètò tí mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu rèé. Kí Praia jẹ́ ẹnu ọ̀nà lásán, kí Santo Antão jẹ́ ibi tí ẹ lọ. Ẹ fi Sal sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, pẹrẹsẹ ni ibẹ̀. Fogo dára, òkè wọn tó ń pọ iná ga tó mítà 2,829, ó sì bú ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ó bo abúlé méjì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó ìrìn àjò kan lọ́tọ̀. Santo Antão ni ti ẹlẹ́sẹ̀. Òkè àti àfonífojì ni, ọ̀nà olókùúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ọwọ́ tò wà káàkiri rẹ̀. Kò sí pápákọ̀ òfúrufú tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà èrò kì í pọ̀ jù.

Ọjọ́ kìíní, ẹ dé Praia, ẹ sùn. Ọjọ́ kejì, ẹ fò lọ sí São Vicente, kí ẹ sùn ní Mindelo, ìlú Cesária Évora olórin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápákọ̀ òfúrufú ibẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ lọ sí Porto Novo ní Santo Antão, bíi wákàtí kan ni. Ẹ máa rí bọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní aluguer, tó jọ dánfó Èkó, tí kì í lọ àyàfi tó bá kún. Ó máa gbé yín dé Ponta do Sol. Ọjọ́ kẹrin, ẹ rin etí òkun láti Ponta do Sol lọ sí Fontainhas, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí góńgó àpáta. Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá gbé e lè máa lọ títí dé Cruzinha. Ọjọ́ karùn-ún, kí ọkọ̀ gbé yín gòkè lọ sí Cova, kí ẹ rìn sọ̀ kalẹ̀ wá sí àfonífojì Paúl, láàárín ìrèké àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, títí ẹ ó fi gbóòórùn òkun. Ọjọ́ kẹfà, ẹ padà sí Mindelo. Ọjọ́ keje, ẹ fò wá sí Praia. Ọjọ́ kẹjọ, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo! Bí nǹkan kan bá yẹ̀ lẹ́yìn, ọjọ́ yẹn ló máa gbà yín. Bí nǹkan ò bá yẹ̀, ẹ lọ wo Sucupira. Ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ máa bọ̀ nílé.

Ìgbà mẹ́rin péré lẹ sọdá òkun. Oníṣòwò tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún àdánù nínú ìṣirò rẹ̀, gbèsè ló ń bá ṣeré.

Ẹnì kan dámọ̀ràn níbí pé kí olúkúlùkù di ànkárá sínú báàgì lọ tà níbẹ̀, kí owó ọkọ̀ lè padà. Èmi tí mo ń ta aṣọ láti bí ọgbọ̀n ọdún ni mo ń sọ ọ́: ẹ má dán an wò. Ìgbafẹ́ lẹ sọ pé ẹ ń lọ ṣe. Bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá tú báàgì tó bá ògìdì aṣọ níbẹ̀, ẹnu yín àti ẹrù yín ò bára mu mọ́. Àtipé ẹ̀yìn yín ló máa gbé e gun òkè. Kí báàgì má ju kílò mẹ́jọ lọ: aṣọ mẹ́ta, ẹ̀wù òtútù kan nítorí orí òkè, aṣọ òjò, kánfáàsì tí ẹ ti wọ̀ tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀, oògùn, ṣájà, ìgò omi. Ẹ má fi omi ṣòfò níbẹ̀ o, ilẹ̀ gbígbẹ ni, omi òkun ni wọ́n ń yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò mu ní Praia àti Mindelo.

Ti oúnjẹ, ẹ fọkàn balẹ̀. Cachupa ni oúnjẹ wọn, àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ pẹ̀lú ẹja tàbí ẹran. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀gbo rí kò ní bínú sí i.

Ìwé ńkọ́? Ká sọ òótọ́, àìgba físà kò ní kí wọ́n má bi ọmọ Nàìjíríà ní ìbéèrè. Ẹ tẹ gbogbo ìwé sórí pépà, ẹ má gbára lé fóònù: páásípọ́ọ̀tù tó ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ, káàdì yẹ́lò, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, ìwé ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ṣáájú, kí ẹ sì san owó ààbò pápákọ̀ òfúrufú. Yúrò ni kí ẹ mú dání. Nǹkan bí 110 escudo ni Yúrò kan, iye yẹn kì í sì í yí bíi ti náírà wa.

Àsìkò tó dára jù ni oṣù kọkànlá, òjò ti dá, àfonífojì ṣì tutù yọ̀yọ̀, eruku ọyẹ́ kò tíì dé. Títí di ìgbà yẹn, Shere Hills wà níwájú ilé wa. Kí ẹ máa gbé báàgì yẹn gùn ún ní gbogbo Sátidé, pẹ̀lú ẹrù kíkún nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gun Shere kó má dẹ́rù Santo Antão.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fún wọn láṣẹ, ẹ ṣàdúrà fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ padà síbi ètò yín kí ẹ tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí, tàbí tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, kó wí tiẹ̀ o, mò ń retí yín nísàlẹ̀. A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.